Wọ́n Sin Bàbá Mi sí Yàrá Màmá Mi

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ má sọ pé kí n fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, ọkàn náà ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ sọ, Kúbúrá, ìyá ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́, obìnrin tí kò tọrọ ju yàrá kan lọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé òkú sí yàrá náà fún un. Ẹ ó máa gbọ́ tí mò ń pe àwọn òbí mi ní "ó". Kì í ṣe pé n ò lẹ́kọ̀ọ́. Tí mo bá ní kí n máa pe gbogbo àgbà inú ọ̀rọ̀ yìí ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni.

Ilé wa kò tóbi. Pálọ̀ kan, yàrá méjì, ibi ìdáná lẹ́yìn, àti àgbàlá tó lọ títí dé ibi tí èèyàn ti lè rí ọ̀sà. Bàbá mi, Bùsàrí, ló kọ́ ọ. Awakọ̀ ojú omi ni. Ẹ̀pẹ́ sí Èbúté Ìkòròdú, Ìkòròdú sí Ẹjìnrìn lọ́jọ́ ọjà, èrò àti ẹrù, iṣẹ́ tó ṣe títí ara rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ nìyẹn. Yàrá kan jẹ́ tirẹ̀. Àwa obìnrin ń sùn pẹ̀lú Màmá nínú èkejì, àwọn ọkùnrin ń sùn ní pálọ̀, àwọn agbọ̀n ẹja yíyan sì ń sùn láàárín gbogbo wa. Ẹni tí kò bá tíì wọ aṣọ ilé ìwé tí òórùn ẹja ti gbà, kó lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ tó ń di imú, kò lè mọ ohun tí mò ń sọ.

Yàrá kan ni Màmá ń fẹ́. Kí wọ́n fà á yọ láti ara ògiri ẹ̀yìn, kí ẹja ní ibi tirẹ̀, kí àwa ọmọ ráyè mí. Nígbàkígbà tó bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ohun kan náà ni Bàbá máa ń sọ: a ò ní kọ́ nǹkan kan mọ́ síbí, Ìkòròdú la ó kó lọ. Ó ti rí ilẹ̀ kan lẹ́bàá Èbúté. Ó ti bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀. Tí kò bá ṣe é ṣe lọ́dún yìí, ó di èyí tó ń bọ̀. Ìkòròdú yìí la gbọ́ dàgbà. Àwa ọmọ ti pín yàrá ilé náà láàárín ara wa, a sì ti jà lé e lórí. Èmi àti Kabir, ẹ̀gbọ́n mi, bá ara wa yodì nítorí yàrá tó máa kọjú sí títì, nínú ilé tí kò sí.

Bí Màmá bá ní kí a ṣe ti ibí ná, tí ìgbà kíkó bá dé kí a kó, Bàbá á wo ògiri, á ní, "Ta ni mo ń kọ́ ọ fún?" N kò mọ ohun tó ń sọ nígbà yẹn. Mo kàn gbà pé ahun ni, mo sì sọ ọ́ fún Màmá lọ́jọ́ kan pé ahun ni ọkọ wọn. Ó gbá mi létí.

Nígbà tí èmi àti Kabir ti wá ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike, Màmá ṣe ohun tí kò ṣe rí. Bàbá lọ sí Ẹjìnrìn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàjẹ́, ó sùn síbẹ̀. Ni Màmá bá pe bíríkìlà. Kí ọkọ rẹ̀ tó padà dé, wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n ti da kọnkéré sí i, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù yí i po dé orúnkún. Ó tún kó búlọ́ọ̀kù tó máa gbé ògiri náà dé òkè jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó fi ọ̀rá dúdú bò ó. Ẹja ló fi ra gbogbo rẹ̀. Inú èéfín ló ti rí i, ojú tó ń yún un títí dòní ló fi rí i.

Bàbá dé, ó wò ó, kò pariwo. Ó ní kí bíríkìlà kó irinṣẹ́ rẹ̀, pé bí òun bá tún rí i nínú ilé òun, àgọ́ ọlọ́pàá ni àwọn jọ máa dé. Ó wá sọ fún ìyá mi níṣojú ọkùnrin náà pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń mí, ẹnikẹ́ni ò ní fi ohunkóhun kún ilé yìí.

Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ìpìlẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Koríko hù nínú rẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ń wọlé jẹ ẹ́. Ìgbà tí mo bá wá sílé, mo máa ń bá Màmá níbẹ̀ tó ń fa koríko tu, tó ń fi ọwọ̀ gbá a mọ́, ibi tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé. Èmi ni mo máa ń bínú. Màá ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ bá Lèmọ́mù, ká lọ bá ẹbí. Á ní kí n lọ wá nǹkan jẹ.

Bàbá kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ. Nígbà tí èmi àti Kabir fi gba Ìtòkín dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n ń retí ìgbà tí wọ́n máa kírun Jímọ̀ tán kí wọ́n kírun sí i lára. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, obìnrin kì í sì í bá wọn dé ojú sàréè. Nítorí náà, iwájú ni Màmá wà, nínú yàrá Bàbá, àwọn obìnrin yí i ká, ìborùn wà lórí rẹ̀, èmi náà jókòó tì í. À ń gbọ́ ìró ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilé. Kò yà wá lẹ́nu, àgbàlá ni púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ń sin òkú sí, tiwa sì gbòòrò. Gbogbo wa rò pé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, níbi igi máńgòrò. Kò sẹ́ni tó wá bi Màmá, Màmá náà ò sì béèrè.

Àbúrò Bàbá ló ń darí wọn. Àlímì lorúkọ rẹ̀, Bàbá Àlímì ni àwa ọmọ ń pè é, ajẹ́ńtì ilẹ̀ ni. Látìgbà tí àwọn ará Èkó ti ń wá ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló ti pa iṣẹ́ ẹja tì, tó ń wọ bàtà tó ń dún. Kò sí ilẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́ tí kò ní mọ iye tó jẹ́ kó o tó pe orúkọ ẹni tó ni ín tán.

Lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin ti túká, Màmá wọ yàrá tirẹ̀ lọ láti kírun Àsárì. Ooru mú, ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tó ní "Háà," lẹ́ẹ̀kan péré. Mo sáré wọlé. Inú ìpìlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni sàréè wà, láàárín gbùngbùn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ì bá wà. Ọ̀rá dúdú wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti fà á sọ nù. Búlọ́ọ̀kù Màmá ni wọ́n tò lé òkú lórí nínú kòtò kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ yíká.

Mo jáde lọ bá Bàbá Àlímì. Ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. N kò kí i, n kò kúnlẹ̀, mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ló ti ní ààlà tẹ́lẹ̀, pé erùpẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, pé búlọ́ọ̀kù sì wà ní àrọ́wọ́tó, ṣé kí àwọn fi òkú sílẹ̀ kí àwọn máa wá òmíràn kiri ni? Ó sì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ojú mi ṣú. Tí kì í bá ṣe Kabir tó fà mí wọlé, n kò mọ ohun tí ǹ bá fi omi ẹ̀rọ yẹn ṣe.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn èèyàn ṣì ń jẹun lọ́wọ́, Bàbá Àlímì dìde. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ̀ pé ilé tí sàréè Bùsàrí wà ti di ilé ẹbí. Kò ní ṣé tà, kò ní ṣé fi kún, kò sẹ́ni tó máa gbé búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn níbẹ̀ láìjẹ́ pé òun mọ̀ sí i. Àwọn àgbààgbà ní àmín. Ó ti hàn sí mi gbangba pé erùpẹ̀ tó rọ̀ kọ́ ló mú un dé ibẹ̀. Ọkùnrin yìí ti fi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe òpó ààlà, ó sì tún jókòó, ó bu ẹran jẹ.

Màmá bọ́ sínú tákàbà. Obìnrin tó bá ń ṣe tákàbà ọkọ kì í jáde kúrò nílé bí kò bá sí ohun tó le gan-an. Oṣù lórí oṣù ló fi wà nínú ilé náà pẹ̀lú fèrèsé yẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi aṣọ dí i. Ó ní rárá.

Àsìkò yẹn ni èmi àti Kabir bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kíkó. Kabir ní fúláàtì ní Ìkòròdú, yàrá kan ṣófo níbẹ̀. Ó ti kùn ún, ó ti ra àkéte tuntun. Mo gbè é lẹ́yìn pátápátá. Mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n fi ilé náà sílẹ̀ fún sàréè àti ewúrẹ́, pé ohun tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn tọrọ níbẹ̀, ẹ̀sín ni wọ́n fi san án. Mo sọ ọ́ lórí fóònù, mo sọ ọ́ lójúkojú. Mo ní ẹja wà ní Èbúté Ìkòròdú náà, èéfín kan náà ni. Màmá á gbọ́ mi tán, á ní ó dáa. Èèyàn á rò pé ó ti gbà.

Ọjọ́ tó jáde nínú tákàbà, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ibi àkọ́kọ́ tó lọ ni ilé Àfáà Abdulhakeem, ẹni tó kírun sí Bàbá lára. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, kò sọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ó ní kí n pe Kabir, kó sì lọ bá òun pe Bàbá Àlímì, ọ̀rọ̀ ilé náà, kí a parí ẹ̀.

Bàbá Àlímì dé ní ọjọ́ Àìkú. Ó jókòó sórí àga Bàbá. Ó ní òun ti gbọ́ pé ìyàwó àwọn ń kó lọ sí Ìkòròdú, inú òun dùn, ọmọ tó wúlò ni Kabir. Ó ní kí ilé má baà ṣófo, ọmọkùnrin òun máa kó wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó máa tọ́jú sàréè. Ó ti wọn pálọ̀ pàápàá. Mo la ẹnu, Màmá na ọwọ́ sí mi kí n dákẹ́.

"Bàbá Kékeré," Màmá ní. Bó ṣe ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e ní ìyàwó nìyẹn, orí ìkúnlẹ̀ ló sì máa ń wà tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó. "Ta ló ni ilẹ̀ yìí?"

Ó ní kí ni irú ìbéèrè yẹn, pé ta ni kò mọ ilé Bùsàrí.

"Mi ò béèrè ilé. Mo ní ta ló ni ilẹ̀?"

Bàbá Àlímì bọ́ fìlà, ó tún un dé. Èmi àti Kabir wo ara wa.

"Ìyá mi ló fún mi," Màmá ní. "Ẹja ni òun náà tà kó tó rà á. Ẹ̀yin lẹ di okùn mú lápá ọ̀hún nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún mi, ẹ ṣì kéré, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀. Mo gbé ọkọ mi wá sórí ilẹ̀ mi, wọ́n kọ́ ilé lé e, mo dákẹ́, gbogbo ìlú ń pè é ní ilé Bùsàrí. Mo bi Àfáà bóyá èèyàn lè hú òkú. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, àfi bí wọ́n bá sin ín sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Wọ́n ní tí onílẹ̀ bá ní òun ò gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n gbé e kúrò. Ẹ sin ín sórí ilẹ̀ mi, Bàbá Kékeré. Mo wà nínú yàrá, ẹ ò bi mí."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní kí wọ́n gbé e, kí wọ́n gbé e lónìí, kí wọ́n lọ sin ín sí pálọ̀ Bàbá Àlímì. Bàbá mi ni mò ń sọ o. Kabir fà mí láṣọ jókòó.

Bàbá Àlímì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ dún kiri ìlú wà lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n hú Bùsàrí lójú gbogbo Ẹ̀pẹ́. Màmá jẹ́ kó kúnlẹ̀ dáadáa, kí orúnkún náà mọ ohun tó ń ṣe. N ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n yín á máa sùn síbẹ̀," Màmá wá ní. "Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fún wọn láyè. Ọmọ yín ò wọ ilé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàdúà fún wọn, kó kan ilẹ̀kùn iwájú, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Búlọ́ọ̀kù mi, ẹ máa kó o padà wá."

Ó kó o wá. Tuntun ló rà, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi kó o wá, òun fúnra rẹ̀ sì dúró tì wọ́n tí wọ́n fi jù ú sílẹ̀ tán. Ẹ̀gbẹ́ ilé, lápá títì, ni Màmá ní kí bíríkìlà fa yàrá náà sí. Ó ní fèrèsé méjì, ó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ẹja ti ní ilé. Bàbá Àlímì máa ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Á kan ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, Màmá á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà mìíràn kò ní dáhùn títí ọkùnrin náà á fi lọ jókòó sábẹ́ igi.

Ẹ rò pé inú mi wá rọ̀. Kò rọ̀. Nígbà tí mo wá wo yàrá tuntun, Màmá ń to agbọ̀n. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún wa láti kékeré pé òun ló ni ilẹ̀, tí a fi ń gbé nínú èéfín, tí a ń fi orí wólẹ̀ fún Àlímì. Ó ní Bàbá ló bẹ òun. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé gan-an ló bẹ̀ ẹ́, ojú ń tì í pé kí ìlú gbọ́ pé ilẹ̀ ìyàwó lòun ń gbé. Nítorí ẹ̀ náà ni kò ṣe fẹ́ kí wọ́n fi ohunkóhun kún un. Ìkòròdú ló fẹ́ ra ilẹ̀ tirẹ̀ sí, ó ń wá a títí ó fi kú.

Èyí tún bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ṣé nítorí ìtìjú ọkùnrin kan ni gbogbo wa ṣe sùn mọ́ ẹja. Mo ní ó ti tó. Mo ní yàrá ti wà báyìí, wọ́n ti fi han gbogbo ayé pé ilẹ̀ wọn ni, kí wọ́n wá rẹ́ǹtì ilé náà síta, kí wọ́n bá mi ká lọ sí Ìkòròdú, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má jí sójú sàréè mọ́ láràárọ̀. Mo ní tí ó bá jẹ́ ìfẹ́ ló so wọ́n mọ́ ọkùnrin yẹn, ìfẹ́ náà ti tó.

Màmá gbé agbọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìfẹ́ kẹ̀? Jamilah, mò ń bínú sí bàbá yín. Tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, màá ṣí fèrèsé yẹn, màá bú wọn, màá ka gbogbo ohun tí wọ́n fi ojú mi rí sí wọn létí, títí inú mi á fi rọ̀, kí n tó wá tọrọ àforíjì fún wọn lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n wà láyé, tí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á gbé fìlà, wọ́n á gba ìdí ọkọ̀ lọ. Ní báyìí, wọn ò ríbi lọ, wọ́n ń gbọ́. Tí mo bá bá yín lọ sí Ìkòròdú, ta ni màá wá sọ ọ́ fún?"